Àpáta Tí Wọ́n Ń Sá Gbódó Sí

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ lórí àpáta bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, èérún òkúta sì ti fọ́n sínú gbódó, ègé iṣu tí Moufidatou sá láti òwúrọ̀.

Moufidatou bi í pé ta ni yóò jẹ èlùbọ́ olókùúta.

“Èmi ni,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Eyín mi ṣì le.”

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Moufidatou kó tó rántí pé inú ń bí òun. Souradjou ará Bassila ni ọkùnrin náà, ìmọ̀ òkúta ló kọ́ ní yunifásítì. Bó ṣe ń ṣa èérún kúrò ló ń fi ìlà dúdú àti funfun inú àpáta hàn án. Ó ní láéláé, ilẹ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn níbí, ọ̀kan wọ abẹ́ èkejì, òkè ńláńlá sì yọ. Nísàlẹ̀, ooru se òkúta títí apá kan fi yọ́, òun ló di ìlà funfun. Òjò jẹ òkè náà tán, ìdí rẹ̀ ló kù tí wọ́n ń sá iṣu sí.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Souradjou kì í rí òkúta kan yẹ̀ wò ní Manigri, ìlú Moufidatou. Moufidatou a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá wá, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹbí Souradjou wá tọrọ Moufidatou, Gafarou bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó fọ́ àpáta tí ìyá òun ti ń sá gbódó sí láìkí onílé kò lè mọ ọmọ tọ́jú. Moufidatou sunkún, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú. Souradjou fẹ́ lọ fẹnu bẹ̀bẹ̀.

“Ẹnu dùn ún ròfọ́,” ni Moufidatou wí. “Ebè ni kí ẹ wá kọ, bí àwọn àna ṣe ń ṣe.”

Souradjou kó ọ̀rẹ́ méjìlá wá sóko Gafarou. Kó tó di ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ akọ̀wé ti bó, kò sì sọ ọkọ́ sílẹ̀. Gafarou ń wò ó lábẹ́ igi kajú. Nígbà tó yá, ó pè é sídìí àpáta.

“Ọmọ mi ní o sọ pé ilẹ̀ méjì kọlu ara wọn níbí. Èwo ló borí?”

“Kò sí, Bàbá. Èyí tó wọ abẹ́ ló gbé èkejì sókè. Nígbà tí ooru mú wọn tán, wọ́n di ọ̀kan.”

Gafarou wo ọwọ́ Souradjou tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì yíjú sẹ́yìn.

“Moufidatou, bu omi wá fún ọkọ rẹ.”

Moufidatou sáré bu ú wá débi pé ìdajì omi náà dà sórí àpáta.