Ọkọ Wa, Ọmọ Wa

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì Lọ́yà, aṣọ iṣẹ́ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń run oògùn apakòkòrò. Ó ti to gbogbo ohun tó fẹ́ sọ jọ láti ilé. Bó ṣe jókòó tán, "ọkọ mi" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún gba ìyókù.

Lọ́yà kò ní kó má sunkún. Ó yí fáànù sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣí bíírò, ó dúró dè é.

"Ó dáa," ó ní, "ọkọ wa, níbo ló ń gbé báyìí?"

Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá náà.

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ wa."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu obìnrin tó ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọkùnrin gbọọrọ yìí, pẹ̀lú irùngbọ̀n lẹ́nu, ti sọ ara rẹ̀ di orogún òun!

"Ẹ má bínú," ni Lọ́yà wí, ojú ń tì í. "Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹjọ́ ẹni bá ti dọ́wọ́ mi, ó ti di tiwa."

"Ọ̀dọ̀ obìnrin míì ló wà. Ó lóun máa mú ọmọ mi lọ síbẹ̀."

"Kí la wá fẹ́?"

"Ọmọ mi. Ìyókù, mi ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Láàárọ̀, á bínú ọkọ débi pé oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun rẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á máa tẹ́tí sí àtẹ̀gùn, bóyá òun á gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ìfẹ́ kì í kó ẹrù tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí ọkọ bá kó tirẹ̀.

Adájọ́ tú ìgbéyàwó náà ká wẹ́rẹ́, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló sún síwájú. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọbìnrin náà, Aláròyé ni wọ́n ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ilé òun ló tóbi jù.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Lọ́yà ò yé sọ "wa". "Ilé-ìwé wa jìnnà sílé bàbá rẹ̀." "A ò ní bínú níwájú adájọ́ o." Nọ́ọ̀sì á délé, á dùbúlẹ̀, á máa tú "wa" yìí palẹ̀. Ṣé "wa" ti kóòtù ni, àbí "wa" ti inú ilé? Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìyẹn dá a lójú. Àmọ́ ẹni tó ń rì sómi, ṣé kò ní fẹ́ràn ẹni tó na igi sí i?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ò rú lójú ni ìyá Nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, Lọ́yà sọ fún un pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọmọ wa ò ní kúrò nílé wa."

Ojú Màmá tàn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tí Nọ́ọ̀sì kọ̀ sílẹ̀ ló lọ bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bá wa kí àbúrò yín o. Ọmọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀. Lọ́yà fúnra ẹ̀ ló pe ilé náà ní ilé àwọn, ó sì pe ọmọ náà ní ọmọ àwọn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, lọ́yà bàbá ọmọ ti ń lérí pé òun á sọ fún adájọ́ pé obìnrin yìí ti ń fẹ́ lọ́yà rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó tú. Bí adájọ́ bá gba ìyẹn gbọ́, ọmọ lè lọ.

"Màmá, ẹ ti pa mí!"

"Ṣé kò sọ ọ́ ni?"

"Ó sọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́!"

"Báwo ló wá ṣe sọ ọ́?"

Nọ́ọ̀sì gan-an ì bá fẹ́ mọ̀.

Lọ́yà ránṣẹ́ pè é. Obìnrin kan tó wọ awò ojú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé," ó ní. "Àwọn ni yóò máa bójú tó ẹjọ́ yín látòní lọ."

Ẹjọ́ yín. Kì í ṣe ẹjọ́ wa mọ́.

"Ẹ ń sá fún mi nítorí irọ́ tí màmá mi pa?"

Lọ́yà wolẹ̀. "Ká ní irọ́ ni, ǹ bá dúró."

Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wúkọ́, ó kọjú sí fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni àbí kóun rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́yà obìnrin náà kì í sọ "wa", àmọ́ ó mọ ẹjọ́ í rò. Adájọ́ ní kí Aláròyé máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kó máa lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Inú Nọ́ọ̀sì dùn títí di ọjọ́ Sátidé tí bàbá kọ́kọ́ wá mú ọmọ lọ. Ilé wá dákẹ́ lọ́nà tí kò dákẹ́ rí.

Ọjọ́ náà ni Lọ́yà kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá.

"Ẹjọ́ ti parí, mo lè sọ ọ́ wàyí. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Èmi o, kì í ṣe àwa."

Gbogbo ara Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kó wọlé. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

"Ọ̀wọ́n mi," ó ní, ọ̀rọ̀ náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, "ẹ máa lọ sílé. Ilé yìí ń já mi láyà lónìí. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ wọlé, mi ò ní mọ̀ láéláé bóyá ẹ̀yin ni mo fẹ́, àbí ẹni tó máa bá mi lé ẹ̀rù. Tó bá yé mi, màá pè yín."

"Bí kò bá yé yín ńkọ́?"

"Ẹ ó rí i pé mi ò pè."

Lọ́yà gbé ọsàn náà fún un, ó lọ. Nígbà tí Màmá gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ta ló ń ti ire síta, tó tún ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?" Nọ́ọ̀sì ò jà á níyàn. Òun náà ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n lòun gbọ́n tàbí agọ̀ lòun gọ̀.

Àwọn òpin ọ̀sẹ̀ ń gorí ara wọn. Ó sunkún nínú òmíràn, ó sùn fọnfọn nínú òmíràn. Ó kun ògiri pálọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀dà ò dọ́gba, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jẹun tán, oòrùn rọra ń wọlé lójú fèrèsé, ló bá gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọrin. Ó mú fóònù.

Lọ́yà gbé e kíá. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí o? Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."