Èéfín Píkọ́ọ̀pù Ràhmát

Ràhmát ń to píọ wọ́tà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá mẹ́ta wọ àgbàlá wọn ní Ìkòsì. Obìnrin ló ṣáájú, Ìnsípẹ́kítọ̀ Judith, ẹni tí kì í pariwo. Ó wo nọ́ńbà iwájú ọkọ̀, ó wo ti ẹ̀yìn, ó tún wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni mọ́tò yìí?"

"Èmi ni, mà. Ọkọ mi tó kú ló fi sílẹ̀ fún mi."

"Ta ló wà á lánàá, ní ìrọ̀lẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó wà á, mà. Ibí yìí ló wà."

Judith yí fíìmù orí fóònù náà sí i. Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣangíṣà ni kámẹ́rà ti yà á: píkọ́ọ̀pù funfun, àwọn ọkùnrin tó ń kó bátìrì sólà sẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́dẹ kan nílẹ̀ tí kò mira. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà hàn kedere. Nọ́ńbà Ràhmát ni.

"Sàká lorúkọ ọlọ́dẹ yẹn. Irin ni wọ́n là mọ́ ọn lórí. Kò tíì lajú. Tó bá kú, ẹjọ́ ìpànìyàn lẹ máa jẹ́."

Àpò omi bọ́ lọ́wọ́ Ràhmát, ó bẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú híjáàbù òun. Kò tíì wọ yàrá tán tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Aunty Ràhmát, mo gbọ́ pé ẹ lálejò." Jayé ni. Ta ló ń bá a ṣọ́ ilé, Ràhmát ò mọ̀. "Ẹ má dárúkọ mi o. Ọwọ́ yín lẹ fi tú nọ́ńbà yẹn fún mi. Tí wọ́n bá mú mi, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú. Mo sì mọ ilé-kéwú tí Kúnbi ọmọ yín ń lọ."

Ó pa fóònù.

Jayé yìí, kó lè yé wa, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹnu ọ̀nà ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò ní Kétu ló máa ń dúró, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yinrinyinrin, a sì máa kí gbogbo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti gbó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ti Ràhmát gbó. Èéfín rẹ̀ dúdú débi pé bí Màríyámọ̀ aládùúgbò rẹ̀ bá ti gbúròó ọkọ̀ náà ní kọ̀rọ̀, yóò sáré ká aṣọ lórí okùn. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí èéfín, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò wá fi bọ́ ọmọ? Mẹkáníìkì ní àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Jayé fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Aunty, ẹ fi mọ́tò sílé. Nọ́ńbà ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ tú fún mi. Mo ní píkọ́ọ̀pù irú ẹ̀ tó mọ́ tónítóní, òun ni mo máa gbé lọ síbi ẹ̀rọ. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ máa rí nọ́ńbà yín àti ìwé yín gbà." Bó ṣe wí náà ló rí. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí píkọ́ọ̀pù tó mọ́ náà gba ìwé ẹ̀rí tán, kò padà sílé. Ṣangíṣà ló gbà lọ.

Àwọn ọlọ́pàá so ọkọ̀ Ràhmát mọ́ tiwọn, wọ́n wọ́ ọ lọ sí àgọ́. Judith gbé ìwé ẹ̀rí èéfín tó rí nínú rẹ̀ kalẹ̀.

"Lánàá ni mọ́tò yín páàsì. Ẹ sì ní kò kúrò nílé."

Ràhmát wo ìwé náà, ó wolẹ̀.

"Ta ló gbé e lọ?"

Ilé-kéwú ló ń rí lójú ọkàn.

"Madam, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, mo máa tì yín mọ́lé. Ta ló máa wá mú ọmọ yín wálé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là á lẹ́nu. "Ẹ kọ́kọ́ rán èèyàn lọ mú ọmọ mi wá, mà, màá sọ gbogbo ẹ̀." Ọlọ́pàá méjì gbé ọkọ̀ àgọ́ lọ sí ilé-kéwú. Ràhmát sunkún, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Judith ò gbà. "Ẹni tó lè ṣe màgòmágó nítorí èéfín, kí ló ní kó má tàn mí? Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀."

"Mo gbà pé mo ṣẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ tún fíìmù yẹn wò, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sá lọ."

Judith wò ó. Ọkọ̀ náà gbéra, kò sí èéfín kankan nídìí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé tèmi lọ síbi ẹ̀rọ. Tó bá páàsì, kẹ́ ẹ tì mí mọ́lé."

Gbogbo ènìyàn tó tò síbi ẹ̀rọ ní Kétu lọ́jọ́ náà ló ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ wọn páàsì. Ràhmát nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ kí tirẹ̀ féèlì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n fi wọ́ ọ débẹ̀, ibẹ̀ ni Ràhmát ti ṣáná sí i. Ọkọ̀ tó máa ń wúkọ́ kó tó jí, ọjọ́ yẹn ló jí wẹ́rẹ́, kò rú èéfín kankan. Òṣìṣẹ́ ki ọ̀pá ẹ̀rọ bọ sálẹ́ńsà, ó sì mi orí bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Judith fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìbàdí rẹ̀. Ràhmát rọra gbé ẹsẹ̀ lé tọ́tù, ibi tí wọ́n ti ń tẹná fún ọkọ̀.

"Madam, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni òṣìṣẹ́ wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tú èéfín dúdú kìjikìji síta, kò sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Judith sín. Nígbà tí èéfín ká, ohun tí ẹ̀rọ kọ ni pé ọkọ̀ náà féèlì pátápátá.

"Àlùhàmdùlílàáhì," ni Ràhmát wí. Ìgbà yẹn ló rí jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán lẹ́yìn géètì. "Òun nìyẹn, mà. Jayé nìyẹn."

Jayé ti rí wọn. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Ìṣẹrí Olówóra. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ò tíì dé láti ilé-kéwú, ni Judith bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràhmát. "Ẹ máa wà á lọ."

Píkọ́ọ̀pù náà ń ké, ó ń rú èéfín, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Ní Olówóra, ọ̀kadà yà, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wòtún wòsì. Lójijì ni píkọ́ọ̀pù funfun kan já jáde láti ọ̀nà tóóró kan, Jayé nídìí ọkọ̀, ó dojú kọ wọ́n.

Ràhmát ò ráyè ronú. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà, ó di ojú, ó ń ké sí Ọlọ́run. Jayé fi ẹ̀yìn rìn, táyà ẹ̀yìn já sí gọ́tà. Kó tó ṣílẹ̀kùn, ìbọn Judith ti wà ní fèrèsé.

Bátìrì ilé-ẹ̀kọ́ ló wà lábẹ́ tapólì tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ́ síìtì ni nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn wà, àwọn tí wọ́n gbà pé ìwé ẹ̀rí ni Jayé ń bá àwọn wá.

"Ta ló la irin mọ́ Sàká?"

"Èmi kọ́, Ọ̀gá. Felix ni."

"Felix dà?"

"Ó wà nínú ilé tí mo ti ń bọ̀." Jayé nawọ́ sókè. "Èmi ni mo máa ń wá nọ́ńbà, Ọ̀gá. Ẹni tó ni nọ́ńbà ni ọlọ́pàá máa ń wá lọ. Mo jẹ̀bi."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mú Felix, ọsibítù sì pe àgọ́ pé Sàká ti lajú, ó ti bèèrè omi. Ràhmát gbá Kúnbi mọ́ra, ó sunkún ìtura. Judith ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa wá jẹ́rìí ní kóòtù, ẹ sì máa dáhùn fún nọ́ńbà tẹ́ ẹ tú. Láti ibí dé ilé nìkan ni mo gbà yín láyè. Ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde mọ́ títí tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun."

Màríyámọ̀ gbúròó ọkọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sáré jáde síbi okùn bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan aṣọ funfun àkọ́kọ́ kó tó rántí ẹni tí wọ́n wọ́ lọ láàárọ̀. Ó fi aṣọ sílẹ̀. Píkọ́ọ̀pù wọlé tòun ti èéfín rẹ̀, Kúnbi ń juwọ́ níwájú, èéfín sì bo gbogbo orí okùn.

"Aunty, aṣọ yín," ni Ràhmát wí.

"Sọ̀ kalẹ̀ jàre," ni Màríyámọ̀ dáhùn, ó ń nu ojú. "Màá tún un fọ̀."