Fáànù Ooru Inú Ọkọ̀ Sodnom

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Dulmaa ti mu tíì oníyọ̀ rẹ̀ tán, ó ti wọ ẹ̀wù awọ àgùntàn, ó sì ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un nílé ìwòsàn ìlú Uliastai.

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fáànù tó ń fẹ́ ooru wọnú ọkọ̀ kò yí. Sodnom ọkọ rẹ̀ gbá a, ó bú u, kò yí. Ó ní:

"Ó ti jáàmù. Ṣé yìnyín ni kí n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ni?"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ bàbá náà dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju orí rẹ̀ lọ. Ó kó ẹ̀yinná ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná sínú bàsíà irin, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí Tungaa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ilé ìwòsàn, dé bá wọn. Tungaa gbé bàsíà náà, ó dà á sórí yìnyín.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ sin?"

"Èéfín wo lo rí? Ó ti pọ́n dáadáa, kò léèéfín mọ́."

"Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan yín jẹ. Nínú àgọ́ tí ẹ̀ ń gbé, páìpù ààrò ń gbé afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ jáde. Nínú ọkọ̀, kò síbi tó máa gbà. Kò lóòórùn, ojú ò rí i. Ẹ ó kàn rò pé oorun ló ń kùn yín. Ìyá ò ní jí, ẹ̀yin náà ò ní jí."

Sodnom di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Tungaa pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ orí bátìrì, ó tú fáànù náà jáde. Irun ràkúnmí ló wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀ pinpin.

"Ta ló ki irun bọ ihò afẹ́fẹ́?"

Dulmaa rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ ń fẹ́ sí orúnkún bàbá yìí."

"O ò sọ fún mi," Sodnom ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ máa gbà ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orúnkún ò dùn yín."

Tungaa gé irun náà kúrò, ó nu ìdọ̀tí, ó kán epo díẹ̀ sí ìdí ọ̀pá náà, ó ń fọwọ́ yí i títí tó fi ń yí wẹ́rẹ́. Fíúsì ti jó. Sodnom na wáyà sí i pé kó fi dípò.

"Bàbá, ṣé iná lẹ tún fẹ́ kó jó wa ni?" Fíúsì tó bá a mu gan-an ló fi sí i. Ó dá orí bátìrì padà, ó tan ẹ́ńjìnnì, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, àmọ́ Tungaa ti ránṣẹ́ sí dókítà, ó sì gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà tán, tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi wé ojú Dulmaa, ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Bàbá, ẹ mà ti darúgbó o."

Sodnom bú sẹ́kún, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má gbé ẹ̀yinná wọnú ọkọ̀ láé, ì báà má léèéfín. Ẹ má ki ohunkóhun bọ ihò afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi wáyà dípò fíúsì. Bí fáànù bá jáàmù, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà pé ẹ máa pẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ló jókòó tì yín. Ẹ jẹ́ kó débẹ̀ láàyè.