Hóró Afẹ́fẹ́ Inú Rọ́bà Dírípù

"Ìwọ lo pa ìyá mi, Seol Mi-ran! Ìwọ lo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú iṣan rẹ̀!"

Ohùn Gwak Tae-in gba gbogbo àgbàlá kan ní Goesan, nílẹ̀ Kòríà, níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí kábéèjì fún kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ̀ jẹ lọ́dọọdún. Nọ́ọ̀sì tó ń nawọ́ sí dúró gbagidi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá Pyo Hae-sun, obìnrin tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, ṣì ń wò wọ́n.

Bí iṣẹ́ kimchi bá ti jẹ́ kí ara máa ro àwọn àgbà ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè wá fa dírípù sí wọn lára nílé. Bẹ́ẹ̀ ni Mi-ran ṣe fún ìyá arúgbó náà. Nígbà tí ìyá ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ ń wu òun jẹ, Mi-ran yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara rọ́bà, omi dúró, ó jáde lọ bu ẹran. Kó tó jáde, ó ti rí hóró afẹ́fẹ́ gígùn kan nínú rọ́bà lábẹ́ ìgò. Ó ní òun yóò yọ ọ́ bí òun bá dé. Ìgbà tó fi dé, ìyá ti kú, hóró náà sì ti wà lẹ́nu abẹ́rẹ́.

Pyo bi Tae-in pé ta ló wọ yàrá.

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í, ó ń tòògbé. Kẹ̀kẹ́ wà ní títì bí ọmọ yìí ṣe fi í sílẹ̀, n ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú mi kòrókòró ni afẹ́fẹ́ yẹn ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ìgò. Ẹni tó jìn sí kòtò, á kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ mú un lọ, kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lè gbọ́n."

Su-ryeon, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sọ fún Pyo pé àárọ̀ yẹn gan-an ni ìyá kéde pé Su-ryeon lòun máa fún nílé iṣẹ́ kimchi, kì í ṣe Tae-in. Tae-in ní kó panu ẹ̀ mọ́.

Pyo gba rọ́bà tuntun lọ́wọ́ Mi-ran. Ó fa omi sí i, ó fi hóró afẹ́fẹ́ gígùn sáàárín, ó tì í pa. Ó gbé e dúró. Hóró náà kò mira. Ó dorí rẹ̀ kodò. Kò mira síbẹ̀.

"Nínú garawa, afẹ́fẹ́ á sáré lọ sókè, torí omi ráyè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀nà tóóró báyìí, ṣe ló há mọ́ ògiri yíká. Bí omi ò bá tì í, kò lè rìn."

"Ṣé torí omi lásán lẹ ṣe fẹ́ mú mi?"

"Dókítà tó yẹ òkú àti ìgò wò ní ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ yẹn ò lè pa èèyàn. Oògùn ọkàn tí ìwọ fúnra rẹ ń lò ló kún inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ, òun náà ló kún inú ìgò. Mi-ran ti omi pa, ó jáde. Ẹnì kan da oògùn sínú ìgò, ó ṣí kẹ̀kẹ́ kí omi lè sàn, omi sì ti afẹ́fẹ́ dé ẹnu abẹ́rẹ́. Ó wá tún kẹ̀kẹ́ tì, ó rí afẹ́fẹ́, ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa di ẹ̀bi rù. O ní ìyá ń tòògbé. O ní ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Ìwọ lo ṣí i, Tae-in."

Su-ryeon gba àárín àwọn ọlọ́pàá kọjá, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì fọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí.