Àgàn Tí Olúwọlé Ń Wá

Sẹ̀gilọlá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹnìkan nínú yàrá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn nínú ilé wọn ní àdúgbò Bẹẹrẹ ju àwọn méjèèjì lọ.

"Wá jàre," ni ó ń wí. "Mo ti ń dúró dè ọ́ tipẹ́."

Tíṣà físíìsì ni Olúwọlé. Láti ọdún 1968 ni ó ti gbé àgbá òróró ńlá kan sínú yàrá náà, tó fi aṣọ dúdú bò ó, tó so wáyà mọ́ ọn. Bí èròjà wínníwínní tí wọ́n ń pè ní niutirínò bá kan òróró náà, kálàmù kékeré kan á sàmì sórí bébà. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí kì í kan ohunkóhun, tó ń gba ara ògiri àti ara ènìyàn kọjá. Bí kálàmù bá ti dákẹ́, òun ló dé yẹn. Òun ni Olúwọlé ń wá. Ó ní àgàn ni àwọn òyìnbó ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Sẹ̀gilọlá lọ́kàn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń fi orúkọ náà bú u. Àgàn kan wà nílé tí Olúwọlé kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá òmíràn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí Olúwọlé lọ ra wáyà ní Ògùnpa, Sẹ̀gilọlá wọ yàrá náà. Kálàmù ń dún kó, kó, kó. Ó fi ẹnu kan aṣọ dúdú náà.

"Kí lo fi jù mí lọ? Wá gba ipò mi, kí n gba tìrẹ, kí ó wá mi bó ṣe ń wá ọ."

Kálàmù dákẹ́. Òtútù gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gun orí.

Nígbà tí Olúwọlé dé, ìyàwó rẹ̀ kí i, kò dáhùn. Bébà tó funfun báláú ni ó gbé mọ́ àyà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"O dé," ni ó ń wí. "O padà dé."

Inú Sẹ̀gilọlá dùn. Ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, ọwọ́ náà sì gba inú èjìká kọjá. Olúwọlé kò tilẹ̀ mira.

Ìgbà náà ni ohùn Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ dún láti ilé ìdáná.

"Tíṣà, ẹ kú àbọ̀. Ẹ wá jẹun."

Obìnrin kan wọlé, ojú Sẹ̀gilọlá ni ojú rẹ̀, ìró Sẹ̀gilọlá ni ó ró, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. Ó ní òun lóyún. Bí Olúwọlé ṣe dì mọ́ ọn, obìnrin náà gba orí èjìká ọkùnrin náà wo ibi tí Sẹ̀gilọlá dúró sí gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, Olúwọlé fa gbogbo wáyà yọ kúrò lára àgbá. Ó ní kò sí ohun tí òun ń wá mọ́.