Agogo Tí Ń Ka Ọjọ́ Orí

Ohun tó kọ́kọ́ ya Idella Crisp lẹ́nu ni pé agogo ilé-ẹjọ́ dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1953, kùrukùru ò sì tíì kúrò lórí òkè. Ní ìlú Sorrel Gap, bí ènìyàn bá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ á lọ bá Garland Pruitt tó ń tọ́jú ilé-ẹjọ́ káúńtì. Garland á yọjú sí ọ́fíìsì Idella, akọ̀wé káúńtì, á ní kó bá òun wo ìwé ìbí. Idella á wo ọdún tí wọ́n bí olóògbé, á sọ iye rẹ̀, Garland á wá gun àkàbà lọ sí àjà láti lu agogo, ìró kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgboro á dúró, wọ́n á máa kà á. Wọ́n mọ ara wọn débi pé kí agogo tó dákẹ́, àwọn obìnrin á ti mọ ilé tí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ yìí, ó dún ní ìgbà mọ́kànléláàádọ́rin. Idella ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí bébà bó ṣe ń dún. Nígbà tó dákẹ́, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bá Garland nísàlẹ̀ àkàbà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó gbójú sókè.

“Garland, ta ló kú?”

“Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bi. Èmi ò gun òkè o.”

“Ta ló wá lù ú?”

“Kọ́kọ́rọ́ àjà nìyí lápò mi. Títì ló wà látàná.” Ó rẹ́rìn-ín tipátipá. “Bóyá ẹyẹlé ló bà lé e.”

“Ẹyẹlé wo ló mọ̀ ọ́n kà dé mọ́kànléláàádọ́rin?”

Garland ń gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Hoyt Messer ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó fi ń fún omi èso ápù, kò sì dìde mọ́. Idella ṣí ìwé, ó rí i pé mọ́kànléláàádọ́rin ni Hoyt. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an ni pé irọ́ ni ìwé náà ń pa. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Hoyt ti pé méjìléláàádọ́rin. Ìgbà ìkórè ni wọ́n bí i, yìnyín dí ọ̀nà òkè wọn kí bàbá rẹ̀ tó rí àyè sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ó sì dé ìlú lọ́dún kejì, akọ̀wé ìgbà náà kàn kọ ọjọ́ tó rí i sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè ni ọjọ́ ìbí wọn rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lu agogo náà, ẹni yòówù kó jẹ́, kò mọ Hoyt. Inú ìwé Idella ló ti kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún dún. Ọ̀sán ni, Idella ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo lórí tábìlì rẹ̀. Zetta, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ikọ́ àti ibà, dókítà sì ti wá lẹ́ẹ̀mejì láìsọ ohun tó nítumọ̀. Nígbà tí agogo ka ọgbọ̀n, Idella gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí agogo má ṣe dúró. Ó dúró lórí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ó yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn márùn-ún ló jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú káúńtì. Mẹ́rin nínú wọn ti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ táyà ní Ohio. Zetta nìkan ló kù.

Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ tí àwọn akọ̀wé fi ń ha tàdáwà kúrò lórí bébà bí wọ́n bá ṣàṣìṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì fi ọ̀bẹ náà ṣe ju kó tún orúkọ tí wọ́n kọ ségesège ṣe. Lọ́jọ́ náà, ó fi ha odindi ìlà kan: orúkọ ọmọ, orúkọ Wendell ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, orúkọ òun alára. Ó fẹ́ ekuru rẹ̀ dànù, ó sì pa ìwé dé.

Ní ọjọ́ kẹta, Zetta dìde. Ó jẹ ẹyin méjì, ó ní kí wọ́n fi kún un. Idella kọjú sí sítóòfù, ó ń sunkún ayọ̀.

Nígbà tí Zetta padà sí ilé-ìwé, ọ̀gá wọn kí i dáadáa, ó sì bi í léèrè ọmọ tó wá mú. Zetta rò pé àwàdà ni. Ẹni tó ń ta oògùn nígboro pẹ̀lú béèrè ìlú tó ti wá. Lọ́jọ́ Sátidé, Garland gbé igi ìdáná wá sílé, ó ṣí fìlà nígbà tó rí Zetta.

“Ẹ káàárọ̀, ìyáàfin. Idella, o ò sọ pé o ní àlejò.”

“Garland, jọ̀ọ́, má ṣe irú eré yẹn. Ọmọ tí o máa ń gbé gun ìbaaka rẹ nìyí.”

Garland wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú àánú. “Idella, ìwọ àti Wendell ò bímọ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe dùn yín tó.”

Nígbà tó lọ, Idella jẹ́wọ́ fún Zetta pé òun ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Zetta gbé omi tó ń hó kúrò lórí iná.

“Ṣé ẹ̀yin náà á gbàgbé mi, Màmá?”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mo bí ọ?”

Síbẹ̀, ó kọ ìwé pélébé kan, ó fi ìṣó kàn án mọ́gi lókè sítóòfù: *Obìnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọmọ rẹ ni. Fún un lóúnjẹ.* Kò kọ orúkọ sí i. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé òun lè gbàgbé orúkọ.

Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, àràárọ̀ ni Idella ń ka ìwé pélébé náà, á sì máa wò ó pé ta ló ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó jọ tòun báyìí. Ó ń ṣe ohun tó wí, nítorí kò bójú mu kí àlejò fi ebi sùn. “Ẹ jókòó, ìyáàfin,” ló máa ń wí. “Ẹ má bínú, mo tún ti gbàgbé orúkọ yín.” Obìnrin náà á sọ ọ́, á sì tún bọ́ lọ́kàn Idella kí tíì inú ife wọn tó tutù.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejìlá, obìnrin kan wọ ọ́fíìsì. Kóòtù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ jọ ti Idella, ṣùgbọ́n Idella ò dá ojú rẹ̀ mọ̀.

“Ẹ káàárọ̀. Kí la lè bá yín ṣe?”

“Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìbí mi sínú ìwé. Kò sí níbẹ̀.”

Àwọn ará òkè máa ń wá báyẹn, àwọn àgbàlagbà tí kò sí lákọsílẹ̀. Idella ò rí ohun àjèjì níbẹ̀. Ó ṣí ìwé sí ọdún 1919, ó sì bá ìlà kan tó ṣófo, bébà ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó ní láti rọra gbé gègé lé e.

“Orúkọ yín?”

“Zetta Crisp.”

“Crisp! Ẹbí ni wá nìyẹn. Bàbá yín ńkọ́?”

“Wendell.”

“Orúkọ ọkọ mi nìyẹn,” ni Idella wí, ó sì kọ ọ́. “Iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ìwé ìbí wá?”

“Rárá o, mà. Ó ti sú mi ni, kí ìyá mi máa kí mi bí àlejò.”

“Àwọn ìyá mìíràn náà!” Idella mi orí. “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Obìnrin náà wò ó lójú. “Idella.”

Idella bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹlòmíràn tún wà tí wọ́n fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ níyà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìyára, ó sì fi bébà tó ń fa tàdáwà mu tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ.

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà: ìrora ìrọbí, òórùn orí ọmọ tuntun, ìbaaka Garland, ikọ́, ọ̀bẹ.

“Zetta! Ọmọ mi, kí lo ní kí n ṣe yìí?” Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó ń táràrà wá ọ̀bẹ náà.

Zetta gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ tún pe orúkọ mi.”

Garland yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. “Zetta! Ọmọ yìí, ibo lo ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí?”

Lókè àjà, ìró àkọ́kọ́ dún. Garland fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò rẹ̀. Níta, àwọn ènìyàn dúró nínú yìnyín, ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà á. Idella di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni kò kà á.