Ère Tí Kò Ní Òkú

Nígbà tí Akínwándé gbé mọ́tò wọ abúlé Ìrókò lọ́dún 1999, àwọn àgbà kò sáré kí i kú oríire. Ọmọ tó ń gbẹ́ odó àti àpótí ìjókòó tà lánàá, igi wo ló gbẹ́ tó di mọ́tò?

Ère ìbejì ni, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ bí ìbejì bá kú. Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, ló ń bá a tà wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òyìnbó tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Akínwándé á gbẹ́ ère lónìí, á fi osùn àti epo ra á lára, á fi í há òkè ààrò kí èéfín lè pa á láró. Lẹ́yìn náà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Bódìjà, á tẹ irọ́ ránṣẹ́ pé ère náà ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n irọ́ a máa tanná, kì í so. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ère padà, wọ́n ní igi rẹ̀ ṣì tutù.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọládòṣù, adáhunṣe kan tó ń gbé inú oko kòkó lẹ́yìn Akínyẹlé.

Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú yàrá ọkùnrin náà dúdú bí inú ìkòkò. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òórùn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ gba imú rẹ̀ kan.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ kí wọ́n gba ohun tí mo bá kọ gbọ́."

Ọládòṣù kò gbójú sókè. Ọ̀bẹ ló fi ń rẹ́ èékánná. "Èmi kì í báni purọ́. Ohun tó o bá kọ sórí ìwé níbí, màá mú un ṣẹ. Ilé òfìfo ni irọ́, ọmọ yìí. Èmi ló ń bá a wá ayálégbé."

Ó fa àtàǹpàkò Akínwándé, ó gé e, ó ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú tàdáwà. "Ohun tí ẹnu wí, etí ló ń gbọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ kọ, ilẹ̀ ló ń kà á. Ilẹ̀, kà á! Má fo ìlà kan!"

Akínwándé kọ ọ́ pé ìyá àgbà kan ló ń fi osùn pa ère òun títí ó fi kú. Kó tó délé, ère náà ti gbó, orí rẹ̀ ń dán. Ó tà wàrà. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, aládùúgbò wọn, kú lójijì. Wọ́n bá osùn lábẹ́ èékánná ìyá tí kò fọwọ́ kan osùn rí. Akínwándé gbọ́, ó jẹun rẹ̀ tán, ó tún mú igi mìíràn. Ojú kòkòrò ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Ère méjì ni òyìnbó tó kàn ń fẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti oríkì àwọn ìbejì tí wọ́n torí wọn gbẹ́ ẹ, àti ikú tó pa wọ́n. Oríkì ìbejì wo ló mọ̀ ju èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Motúnráyọ̀, fi ń jí àwọn ìbejì rẹ̀ láràárọ̀? Motúnráyọ̀ yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Òun ló ń fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ bá gé e nígbà tó ń kọ́ igi gbígbẹ́. Akínwándé rò ó pé Táyé pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó padà sọ́dọ̀ Ọládòṣù, ó kọ ọ́: Táyé Àkànbí, Kẹ́hìndé Àkànkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà pa Táyé, Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé e.

Oòrùn ọjọ́ kejì kò tíì mú tí Táyé fi ṣubú lẹ́bàá ààrò. Ara rẹ̀ ń jó. Akínwándé gbá ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ìka rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó sì ń dún kó, kó, bí igi.

"Àjàní, gbé mọ́tò!" Motúnráyọ̀ ń fi oríkì ké pe àbúrò rẹ̀. "Ká gbé e lọ sí ọsibítù! Jésù, gbà mí!"

Akínwándé nìkan ló sá wọ mọ́tò, ó di Akínyẹlé.

"Bàbá, ẹ pa á rẹ́!"

"Ilẹ̀ ti kà á," ni Ọládòṣù wí. "Bí ayálégbé kan bá máa jáde, òmíràn ní láti wọlé. Ẹnì kan tó fún àwọn méjèèjì. Kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú oríkì."

"Orúkọ yín ni màá kọ!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́. Kí ni oríkì mi?"

Kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ ti Fẹ́mi. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ náà, ẹni méjì péré ni Akínwándé mọ oríkì wọn láyé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Motúnráyọ̀. Ó dé ìdajì. Ó rántí àkísà. Ó sunkún, ó fagi lé e, ó sì kọ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́: "Akínwándé Àjàní ló gbẹ́ ère yìí lọ́dún 1999. Kò sí ìbejì tó kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ni ín."

Gègé já bọ́. Àwọn ìka rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Igi gun apá rẹ̀, ó dé àyà, eegun ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bó ṣe ń súnkì. Ó fẹ́ ké, ahọ́n rẹ̀ kan òkè ẹnu, ó dún kó.

"Ojúlówó rèé," ni Ọládòṣù wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Táyé dìde, ó ní òun fẹ́ jẹ àkàrà. Wọ́n rí mọ́tò náà lábẹ́ igi kòkó. Ère kan ṣoṣo ló jókòó níbi ìwakọ̀, ojú rẹ̀ sì ni ojú Akínwándé.

Ọmọ ìjọ Kérúbù ni Motúnráyọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò gba ère láyè. Síbẹ̀ ó gbé e sílé; wòlíì ti bá a wí títí, ó sú u. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, bó bá ti wẹ Táyé àti Kẹ́hìndé tán, á wẹ igi náà, á gbé ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. "Àjàní, jẹun," ni yóò wí. Ẹ̀jẹ̀ á sì rọra sun jáde níbi àtàǹpàkò rẹ̀, obìnrin náà á ya àkísà, á dì í.